Ojú Tí A Gbé Kọ́ Ara Ògiri

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ ara ògiri ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó pa kámẹ́rà pọ̀ mọ́ ilé kéú. Ó pa wọ́n pọ̀ gan-an ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú ni, ọ̀rọ̀ ojú sì wà lára ohun tí ẹ̀sìn wa kò fi ṣeré rárá.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Bí a bá ti fún un ní iná, tí a sì so ó mọ́ Wi-Fi ilé tàbí tí a ki síìmù bọ̀ ọ́ nínú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tí ó ń rí ránṣẹ́ sórí fóònù wa nìyẹn. Ẹni tí ó lọ ṣe Hájì lè wà ní Jeddah kí ó máa wo gbéètì ilé rẹ̀ ní Ìwó bí ẹni pé ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èyí tí ó ń lo oòrùn náà wà, tí kò bìkítà bóyá iná ìjọba dé tàbí kò dé. Kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Ní 1942 ni àwọn ará Jámánì ti ń lo irú kámẹ́rà tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ibòmíràn, kí wọ́n lè máa wo rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun wọn bí ó ti ń gbéra láìsún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ ilé ni ó wù wá láti sọ. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin adúláwọ̀, Marie Van Brittan Brown, tí ó ń gbé ní Queens ní ìlú New York, ni òun àti ọkọ rẹ̀ Albert ronú kan irú ẹ̀rọ yìí fún ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ ẹni tí ó hùmọ̀ rẹ̀ ní 1966, wọ́n sì rí i gbà ní 1969. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì a máa mú kí ó dá wà nílé ní àkókò tí àwọn ẹlòmíràn kò sí nílé, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé àdúgbò wọn bí a bá ké sí wọn. Nígbà tí ó di 1996, ilé iṣẹ́ Axis ní orílẹ̀-èdè Sweden gbé èyí tí ó ń lọ tààrà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jáde. A mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé ìbẹ̀rù olè ni ó gbé e wọ ilé, kì í ṣe ìfẹ́ àtojúbọ̀. Àwọn tí ń pè é ní ojú Dájáàlì, àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ṣọ́ dúkìá rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì ọkùnrin tí ó béèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tí Ànábì sì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ́kọ́ so ó ná. Ààbò ohun ìní wà lára àwọn ohun márùn-ún tí àwọn onímímọ̀ sọ pé Ṣẹ́ríà wá láti dáàbò bò. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀mejì, kí á má fi ẹ̀sìn dẹ́rù bà á bí ó bá ra kámẹ́rà. Ìbéèrè tí ó le ni èyí: ìgbà wo ni ṣíṣọ́ ilé ẹni ń di yíyọjú wo ilé ẹlòmíràn?

Nínú Súúrà Al-Hujuraat, ẹsẹ kejìlá, Ọlọ́hun kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa ìfura, lẹ́yìn náà Ó kọ títọpinpin ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ìfura ni ó ń mú ènìyàn ra kámẹ́rà. Bí kò bá ṣọ́ra, kámẹ́rà náà yóò sọ ọ́ di atọpinpin. Bí ó bá sì ti rí nǹkan, WhatsApp yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè mú wa gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Sahl ọmọ Sa'd pé ọkùnrin kan yọjú láti ojú ihò kan wo inú yàrá Ànábì, nígbà tí Ànábì ń fi ìyarun onírin họ orí. Ọ̀rọ̀ tí Ànábì sọ sí i kò rọrùn. Ó ní bí òun bá mọ̀ pé ó ń wo òun ni, ojú rẹ̀ ni òun ìbá fi irin náà gún, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé nítorí ojú gan-an ni a fi ní kí á máa tọrọ ààyè kí á tó wọlé. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò gbé ẹsẹ̀ wọlé, kò sì mú ohunkóhun. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó wọlé.

Ìtàn kejì kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásù, bẹ́ẹ̀ òun ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tẹ ìlú Fustat dó ní ilẹ̀ Íjíbítì, Kharija ọmọ Hudhafa kọ́ yàrá òkè sórí ilé rẹ̀. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Sàyídínà Umar ní Mọdínà pé yóò máa ti ibẹ̀ yọjú wo ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Umar kọ̀wé sí Amr ọmọ al-As, ẹni tí ó fi ṣe gómìnà níbẹ̀, pé kí wọ́n gbé ibùsùn sínú yàrá náà, kí ọkùnrin kan tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù gun orí rẹ̀ dúró. Bí ó bá lè ti ojú fèrèsé rí ilé onílé, kí wọ́n wó o. A gbọ́ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ọkùnrin náà kò ká fèrèsé, wọ́n sì fi yàrá náà sílẹ̀. Irú ìdájọ́ yìí ni àwọn ọmọlẹ́yìn Imaamu Malik dì mú, ọ̀nà Malik yìí náà sì ni àwọn àáfà àgbà ilẹ̀ wa ń tọ̀: fèrèsé tí ó ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń wo ilé aládùúgbò, dídí ni kí á dí i.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí Umar kò béèrè. Kò béèrè bóyá ènìyàn rere ni Kharija. Kò béèrè bóyá ó ti wo ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí ojú lè rí láti ibẹ̀ ni ó béèrè. Bí a bá bá onílé kan wí lónìí pé kámẹ́rà rẹ̀ dojú kọ àgbàlá ẹlòmíràn, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.” Òótọ́ ni, a mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kò kan irú ẹni tí ó jẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà kọ́, kí ó ṣe ìdánwò ibùsùn yìí. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é lórí àkàbà, orí fóònù ni kí ó ti ṣe é. Ojú ènìyàn kì í rí nínú òkùnkùn, kámẹ́rà òde òní ń rí. Ojú ènìyàn a máa rẹ̀, a sì máa gbàgbé, ṣùgbọ́n èyí kì í sùn, kì í sì í gbàgbé títí a ó fi pa á rẹ́. Lẹ́ǹsì rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé gbéètì ni a rò pé a kọjú rẹ̀ sí, àṣé ó ti mú ilé ìwẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì mọ́ ọn. Kí á wo àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sán, kí á tún wò ó ní òru. Bí igun kan bá wọ ilé onílé, kí á yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí yíyí kò bá tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè fi dúdú bo apá kan àwòrán, tí ẹ̀rọ náà kò ní gba apá yẹn sílẹ̀ rárá. Lẹ́yìn èyí, kí á pe aládùúgbò náà kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì sàn ju ọdún márùn-ún ìjà lọ.

Ní ilé tiwa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ a máa le ju ti Fustat lọ. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé olójúkojú kan, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kànga kan, ilé ìwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Wọ́n jí bátìrì ọ̀kadà ayálégbé kan, wọ́n tún jí ìkòkò ọbẹ̀ tòun ti ẹran inú rẹ̀. Onílé gbé kámẹ́rà sí òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo obìnrin tí ó bá ró ìró jáde láti ilé ìwẹ̀, gbogbo ìyá tí ó bá jókòó sí ẹnu yàrá rẹ̀ láìbo orí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ti wà nínú fóònù bàbá onílé. Olè ti jà lóòótọ́. Àwọn obìnrin náà sì ní ẹ̀tọ́ lóòótọ́. Kí ni kí á ṣe?

Èrò tiwa ni pé ẹnu gbéètì ni kí kámẹ́rà lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni olè òde gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá fura sí olè ilé, kí onílé pe gbogbo ayálégbé jọ, kí ó sì gbọ́ ẹnu àwọn obìnrin fúnra wọn. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé a ti rí ibi tí àwọn ọkọ jókòó, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì ní “ilé ti gbà.” Ara obìnrin kì í ṣe ohun tí ọkọ rẹ̀ lè fi tọrẹ fún ojú onílé. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ní òun kò fẹ́, kí á wá ọ̀nà mìíràn: kọ́kọ́rọ́ tí ó dára, iná lẹ́yìnkùlé, ọlọ́dẹ.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí kò bá ṣe ohun burúkú kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yìí ń tan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ, nítorí pé ó dùn létí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni arábìnrin tí ó ṣí híjáàbù rẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀ ń dá? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọkùnrin tí ó jókòó nínú àgbàlá rẹ̀ tí ó ń sunkún nítorí gbèsè ń dá? Ìhòòhò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ a ní kí á bò ó. Ohun tí a ń pa mọ́ nínú ayé wa, èyí tí kò ní àbùkù kankan nínú pọ̀ ju èyí tí ó ní lọ.

Ti ṣọ́ọ̀bù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ń tajà jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, ẹni tí ó bá wọlé mọ̀ pé ojú ń wo òun. Kí ọ̀gá gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí ibi owó àti ibi ọjà, kí ó kọ ọ́ sára ògiri pé ó wà níbẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Èyí tí a fi pamọ́ sínú àpò bíríìkì tàbí sẹ́yìn aago, tí ọ̀gá sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ìyẹn ni a kò fara mọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé kámẹ́rà ń bẹ lè sá fún ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn sì ni ìlànà ṣíṣọ́. Ẹni tí a dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ dè, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni a ń wá. Ìyá tí ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀, kí ó tẹ̀lé ìlànà kan náà: kí ó fi sí pálọ̀, kí ọmọ ọ̀dọ̀ náà mọ̀, kí ó má sì dé ibi tí ó ń sùn. Ní ti ọkọ tí ó fẹ́ fi ṣọ́ ìyàwó, tàbí ìyàwó tí ó fẹ́ fi ṣọ́ ọkọ, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà.

Kí á má gbàgbé ohùn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní etí. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ó fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀ nítorí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà àti àwọn mìíràn tí ó gbé kọ́. Adájọ́ dá obìnrin náà láre, lára ohun tí ó sì bu ẹnu àtẹ́ lù jù ni pé àwọn ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ pa etí rẹ̀. Olè kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sí nínú fèrèsé Kharija. Fèrèsé yẹn, ojú onílé nìkan ni ó lè gba ibẹ̀ jáde. Èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò mọ iye ojú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Kò fọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn páásíwọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ tí ẹni tí ó rà á kò yí padà, bí ọgọ́ta irú rẹ̀, ni ó ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ yìí jọ kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tí Twitter àti Netflix kò sì ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kámẹ́rà tí ẹnì kan rà láti lé olè ni wọ́n fi jagun láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan Ring pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ní 2017 wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin tí ó tó 81, tí kámẹ́rà wọn wà ní yàrá àti ilé ìwẹ̀; ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Ní 2024, àṣìṣe kan ní Wyze jẹ́ kí bí 13,000 ènìyàn rí àwòrán láti inú kámẹ́rà tí kì í ṣe tiwọn.

Àwòrán ẹni tí ó gba iwájú ilé wa kọjá, àmánà ni lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, yíyí páásíwọ́ọ̀dù padà ní ọjọ́ tí a so kámẹ́rà mọ́ra kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníkọ̀ǹpútà nìkan. Kí á fún un ní èyí tí ó gùn, tí kì í ṣe orúkọ ọmọ wa. Kí á jẹ́ kí ó máa béèrè kóòdù kejì lórí fóònù. Kí á gba àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní ìdí láti máa wò ó láti òkèèrè, kí ó fi mẹ́mórì káàdì sínú rẹ̀, kí àwòrán má kúrò nílé. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín sì ni ti ẹni tí ó wá bá wa kọ́ ọ: òun ni ó fi fóònù tirẹ̀ ṣètò rẹ̀, òun ni ó mọ páásíwọ́ọ̀dù, a dúpẹ́, a sanwó, ó lọ. Títí di òní ó ṣì lè máa wo pálọ̀ wa. Kí á pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀ lójú rẹ̀, kí ó tó kó irinṣẹ́.

Ó tún kù ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo lọ́kàn wa. Kí ni kí á ṣe sí ohun tí kámẹ́rà bá rí? Bí ó bá rí olè, kí á gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Kí á má gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára kí á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé “ẹ bá wa mú un.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi táyà àti bẹntiróòlù ṣe ní ojú títì wa. Àwòrán òru kì í hàn dáadáa, ọmọkùnrin tí ó wọ fìlà, tí ó gbé àpò, pọ̀ ní ìlú. Kámẹ́rà lè fi hàn wá pé ẹnì kan fo ògiri ní aago méjì òru. Kò lè sọ fún wa bóyá olè ni, tàbí ẹni tí olè ń lé. Bí wọ́n bá sun ènìyàn nítorí fídíò tí a fi ránṣẹ́, kò sí bí a ó ṣe fọ ọwọ́ wa mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Bí ohun tí ó rí kò bá sì kan olè, bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin aládùúgbò ni ó ń bọ̀ nílé ní òru tí ọkọ̀ kan já a sílẹ̀, kí á pa á rẹ́ kí á sì pa ẹnu mọ́. Ẹ̀sìn wa béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu fi àgbèrè kan obìnrin, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ tí kò rí wọn mú wá, òun ni a ó nà. Kámẹ́rà kò ju ọ̀kan lọ, kò sì rí ju gbéètì lọ.

Òfin ayé náà ti ń sún mọ́ ibi tí Umar dé. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti àpapọ̀ Yúróòpù dá ẹjọ́ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Czech tí wọ́n ti ń fọ́ fèrèsé ilé rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ rí àwọn tí a fura sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń wo ojú ọ̀nà àti ẹnu ilé tí ó dojú kọ tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ti dé ojú ọ̀nà kò lè sọ mọ́ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé òun nìkan ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dáàbò bo ilé rẹ̀ kò sọnù. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999, abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ti ilé rẹ̀, a sì tún ṣe òfin lórí ìsọfúnni ara ẹni ní 2023.

Àwọn òbí kan wá bá àwa náà ní ilé kéú pé kí á gbé kámẹ́rà sí gbogbo yàrá, kí wọ́n lè máa wo àwọn ọmọ wọn láti ọjà. A gbé e kọ́ sí ẹnu gbéètì àti sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí gbéètì. A fi dúdú bo apá ibi àlùwàlá. A ní kí ó máa gba àwòrán sílẹ̀ nígbà tí nǹkan bá mira nìkan, nítorí data náà ń wọ́n wa: kámẹ́rà tí ó bá ń fi mẹ́gábíìtì kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di àárọ̀ yóò jẹ gígábáìtì 10.8 lóòjọ́. Ènìyàn méjì péré ni ó ní páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwòrán tuntun a máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ti inú yàrá ni a kò tíì gbà. Àwọn òbí kan ní nígbà tí olùkọ́ bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kò ní na ọmọ ní ìnàkúnà, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń ka Àlùkùránì gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ti lè ṣì í kà láìsí pé gbogbo ọjà ń wò ó. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ń bọ̀ ni a ó tún jókòó lórí rẹ̀.